Leonard Bernstein, adarí orin tó fi "òmìnira" rọ́pò "ayọ̀" ní Berlin

Láàárọ̀ ọjọ́ Kérésìmesì ọdún 1989, bàbá ẹni ọdún 71 kan tí irun orí rẹ̀ ti funfun gun orí pèpéle nínú gbọ̀ngàn Schauspielhaus, lápá ìlà-oòrùn ìlú Berlin, lórílẹ̀-èdè Jámánì. Ara bàbá náà kò le. Sìgá tó ti ń mu láti ìgbà ọ̀dọ́ ti ba ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ jẹ́, bẹ́ẹ̀ ni kò tíì pé oṣù méjì tí wọ́n ṣí odi tó pín ìlú náà sí méjì. Iwájú rẹ̀ ni àwọn olórin láti orílẹ̀-èdè mẹ́fà jókòó sí pẹ̀lú fayolíìnì, fèrè àti ìlù wọn. Ẹgbẹ́ akọrin tò sẹ́yìn wọn, àgbà àti ọmọdé, àwọn mẹ́rin tí yóò dá orin kọ náà sì wà níbẹ̀. Wọ́n ti to gbohùngbohùn káàkiri, kámẹ́rà amóhùnmáwòrán sì ti kọjú sí wọn. Nígbà tí bàbá náà gbé ọwọ́ sókè, ohun tó jáde níbẹ̀ dé orílẹ̀-èdè tó lé ní 20 lójú ẹsẹ̀, wọ́n sì gbà á sílẹ̀ sínú àwo tí àwọn èèyàn ṣì ń gbọ́ títí dòní.

Leonard Bernstein lorúkọ bàbá náà. Ọmọ Amẹ́ríkà ni, ọmọ Júù sì ni. Júù tó jẹ́ yìí ló mú kí ohun tó ṣe lọ́jọ́ náà ju eré orin lásán lọ, torí pé ìlú Berlin yìí kan náà ni ìjọba Hitler ti jókòó pète bí wọn yóò ṣe pa àwọn Júù ilẹ̀ Yúróòpù run.

Ká tó máa bá ọ̀rọ̀ lọ, ó yẹ ká ṣàlàyé ohun kan. Àwọn òǹkàwé wa tí wọ́n ti ń ra àwo orin láti ayé gíráàmù mọ ìyàtọ̀ tó wà láàárín orin tí wọ́n kọ nínú yàrá ìgbohùnsílẹ̀ àti èyí tí wọ́n gbà lójú agbo, tí àwọn oníjùjú àti onífújì ń pè ní "live play". Ti inú yàrá máa ń mọ́ tónítóní. Bí ẹnì kan bá ṣì í kọ, wọn a dá a dúró, wọn a tún un kọ. Ti ojú agbo kò rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ń gbọ́ ọ yóò gbọ́ ariwo èèyàn, yóò sì gbọ́ ibi tí onílù ti yà bàrá gba ọ̀nà tí òun fúnra rẹ̀ kò gbèrò, nítorí pé ẹnì kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fi owó lé e níwájú orí. Ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ló máa ń sọ pé ti ojú agbo làwọn fẹ́ràn jù. Bernstein náà padà dé ibi tí àwọn àgbàlagbà wa dé yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ti lé ní ẹni àádọ́ta ọdún kó tó sọ ọ́ di àṣà.

Ọjọ́ 25, oṣù Kẹjọ, ọdún 1918 ni wọ́n bí i nílùú Lawrence, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts, Amẹ́ríkà. Samuel ni bàbá rẹ̀ ń jẹ́, Jennie ni ìyá rẹ̀. Ibi tí à ń pè ní Ukraine lónìí ni àwọn méjèèjì ti wá sí Amẹ́ríkà, láti wá jẹun. Louis ni orúkọ tí wọ́n kọ sínú ìwé ìbí ọmọ náà, nítorí ohun tí ìyá ìyá rẹ̀ fẹ́ nìyẹn, ṣùgbọ́n Leonard ni àwọn òbí rẹ̀ ń pè é nílé, nígbà tó sì di ọ̀dọ́langba, ó lọ yí i padà lábẹ́ òfin. Bàbá náà ń ta àwọn nǹkan tí àwọn onídìrí ń lò, ọjà náà sì tà dáadáa.

Kò sí dùùrù nílé wọn. Nígbà tí ọmọ náà pé ọdún mẹ́wàá, àǹtí bàbá rẹ̀ kan tó ń jẹ́ Clara fẹ́ kó kúrò níbi tó ń gbé, ó wá gbé dùùrù rẹ̀ sílé wọn. Ọjọ́ tí ọmọ náà fọwọ́ kàn án ni ọ̀rọ̀ ti bẹ́yìn yọ. Samuel kọ̀ jálẹ̀. Lójú tirẹ̀, olórin ni àwọn tálákà tó mọ̀ nílé, tí wọ́n ń gbé gòjé kọ́ èjìká láti ibi ìyàwó kan dé òmíràn, tí wọ́n ń gba oúnjẹ àti kọ́bọ̀. Kì í ṣe ohun tó yẹ kó ya ẹnikẹ́ni lẹ́nu nílẹ̀ Yorùbá. Mélòó nínú àwọn gbajúmọ̀ olórin wa ni bàbá wọn kò lé jáde nílé nítorí pé kò fẹ́ bí alágbe? Ọmọ náà ní tirẹ̀ kò bá bàbá jà. Ó ń kọ́ àwọn ọmọdé àdúgbò ní dùùrù, owó tí wọ́n bá san fún un ló fi ń san ti olùkọ́ tirẹ̀.

Ó lọ sí yunifásítì Harvard, ó jáde ní 1939, ó tún lọ kọ́ iṣẹ́ adarí orin ní ilé-ẹ̀kọ́ Curtis nílùú Philadelphia. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn 1940, ó dé Tanglewood, ibùdó orin kan ní Massachusetts, níbi tí ọmọ ilẹ̀ Rọ́ṣíà kan, Serge Koussevitzky, ti ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́. Koussevitzky fẹ́ràn rẹ̀ bí ọmọ. Ìdí nìyẹn tó fi gbà á níyànjú pé kó pa orúkọ dà, kó máa jẹ́ Leonard Burns, torí pé kò sí ibi tí orúkọ Júù yóò gbé e dé nínú iṣẹ́ yìí ní Amẹ́ríkà. Ìdílé Júù ni wọ́n ti bí Koussevitzky náà, ó ti gba ẹ̀sìn mìíràn, ohun tójú rẹ̀ ti rí ló ń sọ. Bernstein ro ó títí, ó sì fèsì pé orúkọ òun lòun yóò jẹ́.

Ọdún mẹ́ta lẹ́yìn náà ni orúkọ ọ̀hún ta. Lọ́jọ́ Àìkú, ọjọ́ 14, oṣù Kọkànlá, ọdún 1943, àgbà adarí orin kan, Bruno Walter, ló yẹ kó darí ẹgbẹ́ New York Philharmonic nínú gbọ̀ngàn Carnegie Hall, ṣùgbọ́n àìsàn dá a dúbúlẹ̀. Bernstein, ẹni ọdún 25, tó jẹ́ igbákejì adarí, kò tíì sun oorun tó tẹ́rùn, torí pé òde àríyá ló wà mọ́jú. Wọ́n pè é lórí tẹlifóònù pé òun ni yóò darí orin lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Kò sí àyè láti gbára dì pẹ̀lú àwọn olórin rárá. Ó sáré lọ bá Walter tó fi bùláńkẹ́ẹ̀tì bora nínú òtútù àìsàn, ìyẹn fi àwọn ibi tó le hàn án nínú ìwé orin, ó di gbọ̀ngàn. Rédíò CBS ń gbé eré náà lọ sí gbogbo Amẹ́ríkà. Bàbá tí kò fẹ́ kó kọrin wà lórí ìjókòó lọ́jọ́ náà. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kejì, ìròyìn rẹ̀ ti wà lójú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn New York Times. Wọ́n gba ohun tí rédíò gbé jáde lọ́sàn-án yẹn sílẹ̀, kò sì tíì parẹ́ títí dòní.

Láti ìgbà náà lọ, kò sinmi mọ́. Òun ló kọ orin eré orí ìtàgé West Side Story, tó bẹ̀rẹ̀ ní New York ní 1957. Ní 1958, ó di olórí adarí New York Philharmonic, ọmọ tí wọ́n bí sí Amẹ́ríkà tó máa kọ́kọ́ dé ipò náà, ó sì wà níbẹ̀ títí di 1969. Àwọn ètò rẹ̀ lórí amóhùnmáwòrán, tó fi ń ṣàlàyé orin fún àwọn ọmọdé, bẹ̀rẹ̀ ní 1958 kan náà, wọn kò parí títí di 1972. Àwo tó ṣe nígbà náà pọ̀ lọ jàra, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn sì jẹ́ ti inú yàrá ìgbohùnsílẹ̀.

Ìjọba orílẹ̀-èdè rẹ̀ kò fi gbogbo ìgbà gba tirẹ̀. Ní 1953, nígbà tí wọ́n ń wá kọ́múníìsì kiri Amẹ́ríkà bí ẹni ń wá àjẹ́, wọ́n kọ̀ láti tún ìwé ìrìnnà rẹ̀ ṣe, àfi ìgbà tó búra sínú ìwé pé òun kì í ṣe ọ̀kan lára wọn. Àwọn ọlọ́pàá inú, FBI, kọ ọ̀rọ̀ nípa rẹ̀ jọ tó lé ní 800 ojú ewé. Ní 1970, ìyàwó rẹ̀, Felicia, gba àlejò nílé wọn láti kó owó jọ fún àwọn ẹgbẹ́ adúláwọ̀ Black Panther tó wà látìmọ́lé, àwọn oníwèé ìròyìn sì fi tọkọtaya náà ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún.

Ọ̀rọ̀ inú ilé rẹ̀ náà kò rọrùn. Ọdún 1951 ló fẹ́ Felicia, wọ́n bí ọmọ mẹ́ta, Jamie, Alexander àti Nina. Ṣùgbọ́n Bernstein tún ń bá ọkùnrin ní àjọṣe, ìyàwó rẹ̀ sì mọ̀. Ní 1976, ó fi ilé sílẹ̀ nítorí ọ̀kan nínú wọn. Ó padà sọ́dọ̀ ìyàwó rẹ̀ lọ́dún tó tẹ̀ lé e, àìsàn jẹjẹrẹ ẹ̀dọ̀fóró sì pa obìnrin náà ní 1978. Àwọn tó sún mọ́ ọn sọ pé kò dárí ji ara rẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ yìí títí tó fi kú.

Ẹ jẹ́ ká wá padà sí Jámánì. Ọdún 1948 ló kọ́kọ́ lọ síbẹ̀, ọdún mẹ́ta péré lẹ́yìn ogun. Ìlú Munich ni wọ́n pè é sí, àmọ́ ó yà sí ibùdó àwọn Júù tí wọ́n bọ́ lọ́wọ́ ikú ní Landsberg àti Feldafing. Àwọn díẹ̀ níbẹ̀, tí wọn kò tó 20, ti kó ara wọn jọ di ẹgbẹ́ olórin kékeré. Èèyàn tó ti inú àgọ́ ikú jáde ni wọ́n. Bernstein darí wọn, òun fúnra rẹ̀ sì ta dùùrù fún àwọn tó wà ní ibùdó náà. Lẹ́yìn ìgbà tó rí èyí, ẹlòmíràn ìbá ti gbà pé òun kò ní dá orin fún àwọn ará Jámánì àti Ọ́sítríà mọ́ láéláé. Àwọn Júù olórin tó ṣe bẹ́ẹ̀ wà, a kò sì lè dá wọn lẹ́bi.

Bernstein gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1966, ó bẹ̀rẹ̀ sí í darí ẹgbẹ́ Vienna Philharmonic lórílẹ̀-èdè Ọ́sítríà, ó sì mọ̀ dájú pé àwọn kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ti jẹ́ ọmọ ẹgbẹ́ òṣèlú Hitler. Ẹgbẹ́ yìí ti lé àwọn Júù àárín wọn dànù ní 1938. Orin tó gbé lé wọn lọ́wọ́ ni ti Gustav Mahler, Júù tó ti jẹ́ olórí wọn rí, tí ìjọba Hitler kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni kọ orin rẹ̀ mọ́. Nígbà tó fi máa fi ibẹ̀ sílẹ̀, àwọn olórin náà ti ń fi Mahler yangàn.

Àárín ọdún 1970 sí 1980 yìí náà ni ọ̀rọ̀ "live play" tí a sọ lẹ́ẹ̀kan wọlé. Bernstein bá ilé-iṣẹ́ àwo orin Deutsche Grammophon ṣe àdéhùn, ó sì yàn pé ojú àwùjọ ni kí wọ́n ti máa gba èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ òun sílẹ̀. Ìgbàgbọ́ rẹ̀ ni pé olórin tó mọ̀ pé èèyàn ń gbọ́ òun lọ́wọ́lọ́wọ́ yóò fi nǹkan kan sí i tí kò lè fi sí i níwájú ẹ̀rọ lásán. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyí. Wọ́n á gba eré kan náà sílẹ̀ ní alẹ́ méjì tàbí mẹ́ta, wọ́n á gba ti ìgbáradì mọ́ ọn, lẹ́yìn náà ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ yóò jókòó, yóò fi ibi tó dára jù nínú alẹ́ kan di ibi tó ti bàjẹ́ nínú òmíràn. Bí ẹnì kan bá wúkọ́ lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì níbi tí fèrè ti ń dún jẹ́jẹ́, wọ́n á fi ti ọjọ́ Àbámẹ́ta rọ́pò rẹ̀. Bó ti wù kó rí, ooru ojú agbo kì í kúrò níbẹ̀.

Ní alẹ́ ọjọ́ 9, oṣù Kọkànlá, ọdún 1989, wọ́n ṣí odi Berlin, èyí tí ìjọba ìlà-oòrùn ti mọ láti oṣù Kẹjọ ọdún 1961. Tẹbí tọ̀rẹ́ tí wọn kò lè fojú kan ara wọn fún ọdún 28 dì mọ́ra wọn lójú títì. Láàárín ọ̀sẹ̀ mélòó kan, wọ́n ti ṣètò eré orin ńlá méjì fún ọdún Kérésìmesì, ọ̀kan ní ọjọ́ 23, oṣù Kejìlá, ní gbọ̀ngàn Philharmonie lápá ìwọ̀-oòrùn, èkejì ní ọjọ́ 25 ní Schauspielhaus lápá ìlà-oòrùn. Bernstein ni wọ́n fi ṣe adarí. Lóṣù yẹn kan náà ló ti wà ní Lọ́ńdọ̀nù tó ń darí eré rẹ̀, Candide, níbi tí ọ̀fìnkìn líle ti mú òun àti ọ̀pọ̀ nínú àwọn olórin. Ọ̀kan nínú àwọn tó kọrin níbẹ̀, June Anderson ọmọ Amẹ́ríkà, tún wà lára àwọn adákọrin mẹ́rin ti Berlin. Àwọn mẹ́ta yòókù ni Sarah Walker láti Bìrìtìkó, Klaus König láti ìlà-oòrùn Jámánì àti Jan-Hendrik Rootering tí ohùn rẹ̀ jinlẹ̀.

Ẹ wo àwọn tí wọ́n tò síwájú rẹ̀. Ẹgbẹ́ olórin ilé-iṣẹ́ rédíò Bavaria ni ìpìlẹ̀, wọ́n wá fi àwọn olórin láti Dresden, Leningrad, Lọ́ńdọ̀nù, New York àti Paris kún un. Kì í ṣe pé wọ́n kàn ṣà wọ́n bí ẹni ṣa ẹ̀wà. Amẹ́ríkà, Bìrìtìkó, Faransé àti Sófíẹ́ẹ̀tì ni orílẹ̀-èdè mẹ́rin tó pín Berlin láàárín ara wọn lẹ́yìn ogun, Jámánì méjèèjì ló sì ṣìkejì wọn. Àwọn ọmọ ogun Jámánì ló sé ìlú Leningrad mọ́ fún ohun tó lé ní ọjọ́ 870, tí ebi fi pa èèyàn kú níbẹ̀ bí eṣinṣin. Ọkọ̀ òfuurufú Jámánì ló ju bọ́ǹbù lu Lọ́ńdọ̀nù. Ọkọ̀ òfuurufú Bìrìtìkó àti Amẹ́ríkà ló sì dáná sun Dresden ní oṣù Kejì ọdún 1945, ìlú kan náà tí àwọn ọmọdé akọrin inú eré yìí ti wá. Gbogbo wọn ló wá jókòó pọ̀ báyìí, tí ọmọ Dresden ń kọrin, tí ará Lọ́ńdọ̀nù ń bá a gbè é, tí ará Leningrad wà láàárín wọn, tí Júù kan sì ń darí wọn.

Símfónì kẹsàn-án ti Beethoven ni wọ́n kọ. Ẹni tó bá ti gbọ́ "Halelúyà" ti Handel ní ṣọ́ọ̀ṣì nígbà Kérésìmesì yóò mọ bí irú orin ńlá bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń rí, tí àwọn olórin àti akọrin bá gbé e lẹ́ẹ̀kan náà. Ọjọ́ 7, oṣù Karùn-ún, ọdún 1824 ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é nílùú Vienna, nígbà tí etí Beethoven ti di pátápátá. Ẹnì kan nínú àwọn tó kọrin ló fà á yí padà kó lè rí i pé àwọn èèyàn ń pàtẹ́wọ́. Ó kù díẹ̀ kí orin náà parí ni àwọn akọrin máa ń wọlé, ọ̀rọ̀ tí wọ́n sì ń kọ wá láti inú ewì tí Friedrich Schiller kọ sí ayọ̀ ní 1785. Orin yìí kò mọ ẹni tó ń lo òun. Ní oṣù Kẹrin ọdún 1942, ní Berlin yìí kan náà, wọ́n kọ ọ́ níbi ayẹyẹ ọjọ́ ìbí Hitler, adarí orin tó lókìkí jù ní Jámánì, Wilhelm Furtwängler, ló darí rẹ̀. Wọ́n gba ìyẹn náà sílẹ̀, àwòrán rẹ̀ sì wà, níbi tí Goebbels, òjíṣẹ́ ìpolongo Hitler, ti na ọwọ́ kí adarí lẹ́yìn eré. Àwo méjì, ìlú kan, orin kan.

Bóyá nítorí èyí ni Bernstein ṣe ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò ṣe níbẹ̀ rí. Gbogbo ibi tí ọ̀rọ̀ Schiller ti pe ayọ̀, tí èdè Jámánì ń pè ní Freude, ó ní kí wọ́n máa pe òmìnira, Freiheit. Àwọn kan ti ń sọ ọ́ látọjọ́ pípẹ́ pé òmìnira ni akéwì náà kọ́kọ́ ní lọ́kàn, pé ìbẹ̀rù àwọn aláṣẹ ló mú kó yí i padà. Kò sí ẹ̀rí kankan fún un, Bernstein náà kò sì sọ pé ó wà. Ó kàn gbà pé àsìkò ti tó tí Beethoven kò ní bínú. Ọ̀rọ̀ méjèèjì jẹ́ ìró méjì-méjì ní èdè Jámánì, wọ́n sì bọ́ sórí ohùn orin láìsí wàhálà. Ká ní èdè Yorùbá ni, iṣẹ́ ńlá ni ì bá jẹ́, torí pé "ayọ̀" àti "òmìnira" kò jọ ara wọn lóhùn, kò jọ ara wọn ní gígùn. Àwọn tó túmọ̀ orin ìsìn wa mọ ìyà yẹn dáadáa.

Àwọn onímọ̀ kan kò fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n ní iṣẹ́ olókùú kì í ṣe ohun tí alààyè lè máa fọwọ́ tẹ̀ bó ṣe wù ú, pé tí èèyàn bá gba èyí láyè, ẹlòmíràn lè dìde lọ́la kó fi ọ̀rọ̀ burúkú síbẹ̀. Ọ̀rọ̀ wọn kò ṣe é fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. Ṣùgbọ́n lójú tiwa, ẹni tó bá gbọ́ àwo náà dé ibi tí ẹgbẹ́ akọrin ti fi gbogbo agbára pe ọ̀rọ̀ tuntun yẹn yóò rí i pé àwọn tó ń kọ ọ́, pàápàá àwọn ará ìlà-oòrùn àárín wọn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwé ni wọ́n ń pè. Títí di oṣù Kọkànlá ọdún yẹn, ẹni tó bá fẹ́ gun odi náà kọjá wà nínú ewu ìbọn. Ọjọ́ tó ṣáájú Kérésìmesì gan-an ni ìjọba ìlà-oòrùn fagi lé físà tí àwọn ará ìwọ̀-oòrùn ní láti gbà kí wọ́n tó wọlé.

Ká má parọ́, eré náà kò mọ́ tónítóní. Ẹgbẹ́ tí wọ́n kó jọ láti ìlú mẹ́fà láàárín ọjọ́ díẹ̀ kò lè rìn pọ̀ bí ẹgbẹ́ tó ti wà papọ̀ láti ọgbọ̀n ọdún, ẹni tó bá fetí sílẹ̀ yóò gbọ́ ibi tí ẹsẹ̀ wọn kò ti bára mu. Bernstein tún fà á. Apá kẹta, tó jẹ́ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, gbà tó ogún ìṣẹ́jú lọ́wọ́ rẹ̀, gbogbo orin náà sì lé ní ìṣẹ́jú 75, nígbà tí ọ̀pọ̀ adarí ń parí rẹ̀ kó tó pé 70. Àwọn aláríwísí wí tiwọn nípa èyí. Tí ẹni tó fẹ́ mọ Beethoven bá bèèrè àwo tó yẹ kó kọ́kọ́ rà, a kò ní dárúkọ èyí fún un. Ohun tó wà nínú rẹ̀ yàtọ̀. Ní apá pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ yẹn, ó dà bíi pé bàbá náà kò fẹ́ kí ó tán.

Láàárín eré méjèèjì, wọ́n ya Bernstein ní fọ́tò níbi tó ti ń fi òòlù gbẹ́ díẹ̀ lára odi náà, bí gbogbo èèyàn ti ń ṣe nígbà yẹn. Wọ́n ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bíi 100 mílíọ̀nù èèyàn ló wo eré ọjọ́ Kérésìmesì náà. Àwo rẹ̀ jáde ní 1990.

Ọdún 1990 yìí kò dára fún un. Lọ́jọ́ 19, oṣù Kẹjọ, ó padà sí Tanglewood, níbi tí Koussevitzky ti kọ́ ọ níṣẹ́ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn, láti darí ẹgbẹ́ Boston Symphony nínú eré ìrántí ọ̀gá rẹ̀. Wọ́n ń gba ìyẹn náà sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n dé apá kẹta símfónì keje Beethoven, ikọ́ mú un débi pé kò lè darí mọ́. Ó fara ti irin tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi aṣọ bo ẹnu, àwọn olórin sì ń bá eré lọ fúnra wọn, wọ́n tẹjú mọ́ ọn, títí tó fi gbapá padà tó sì parí rẹ̀. Wọ́n gbé àwo náà jáde lẹ́yìn ikú rẹ̀.

Ọjọ́ 3, oṣù Kẹwàá ni Jámánì méjèèjì di ọ̀kan. Ọjọ́ 9 ni Bernstein kéde pé òun kò ní darí orin mọ́. Ọjọ́ 14, oṣù náà, ó kú nílé rẹ̀ ní New York, ó jẹ́ ẹni ọdún 72. Nígbà tí wọ́n ń gbé òkú rẹ̀ lọ sí itẹ́ Green-Wood ní Brooklyn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Felicia, àwọn lébìrà tó ń ṣiṣẹ́ lójú ọ̀nà ṣí akoto irin orí wọn, wọ́n ń juwọ́ sí ọkọ̀ òkú náà, wọ́n sì ń pè é ní Lenny, orúkọ tí àwọn ará ilé rẹ̀ ń pè é.